Kí Ajé Tó Gúnlẹ̀: Ìtàn Ìlà ní Tin Can Island àti Ẹ̀kọ́ Tó Kọ́ Wa Nípa Sáfà

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti ewì, kì í sì í ṣe ti gírámà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gírámà yóò yọjú díẹ̀ kí á tó parí. Ọ̀rọ̀ ìlà ni. Ìlà ni a wí o, a kò sọ pé ilà. Èyí tí àwọn èèyàn ń tò sí ni a ní lọ́kàn, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ìforúkọsílẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ máa parí. Mẹ́ta nínú wa jókòó ti kọ̀ǹpútà láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí di aago méjì òru. Ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ kàn ń yí ni. Kò ṣí, kò sì sọ pé òun ò ní í ṣí. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, gbèdéke ti kọjá, owó ìtanràn sì ti gun orí owó tí a ti san tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wa wà ní ọdún àṣekágbá. Ìyá rẹ̀ ni ó wá owó ìtanràn náà, láti inú owó tí ó fẹ́ fi ra ọjà sí ìsọ̀.

Inú bí wa. A gbà pé ẹ̀rọ náà ti kéré jù, tàbí pé ó ti gbó. A bá lọ bá ẹ̀gbọ́n wa kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú sáfà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ yẹn má kéré rárá. Ìlérí tí wọ́n ti ṣe lórí rẹ̀ ló lè ti pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ." Ni ọ̀kan nínú wa, tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, tí ó sì dàgbà síbẹ̀, bá fọwọ́ lu tábìlì: "Ẹ̀gbọ́n, ìtàn ojú títì wa lẹ ń sọ yẹn!"

Ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ohun tí a rí ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń wá ìdí àìsàn sáfà, kí ó lọ ka ìtàn èbúté Àpápá àti Tin Can Island. Irú àìsàn kan náà ti ṣe ibẹ̀ láti ọdún 1975, lójú gbogbo ayé, oríṣiríṣi oògùn ni wọ́n sì ti lò sí i.

Kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún ara wa, nítorí ọmọ Yorùbá ni wá, a kì í ṣe ọmọ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí ó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lóhùn. Bí ẹ bá béèrè ojú ìwé kan, òun ni yóò gbé e wá. Nígbà kan, iṣẹ́ kan, sáfà kan ni. Ìnáwó ibẹ̀ pọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀rọ olówó gọbọi yẹn máa ń jókòó lásán. Ní àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ṣe iṣẹ́ lórí ọgbọ́n kan: wọ́n pín kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo sí púpọ̀, tó fi jẹ́ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń lò ó máa rò pé òun nìkan ló ni odindi. Ilé iṣẹ́ VMware, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998, mú ọgbọ́n yìí dé orí àwọn kọ̀ǹpútà tí kò tóbi tó ti IBM. Àwa ń pè é ní kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà. Bí a bá kó irú sáfà bẹ́ẹ̀ mélòó kan pọ̀, tí wọ́n jọ ń gbé ẹrù, ó di àgbájọ sáfà.

Ẹ wo ilé face-me-I-face-you kan ní Ajégúnlẹ̀: yàrá 16, kànga kan. Onílé sọ fún ayálégbé kọ̀ọ̀kan pé omi wà, kò sì parọ́. Ẹnì kan ń pọn ní ìdájí, òmíràn ní ọ̀sán, òmíràn nígbà tó bá ti ọjà dé. Kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ọdún bá ku ọ̀la, tí gbogbo ilé ń fọ aṣọ, tí wọ́n ń se oúnjẹ, garawa á tò láti ẹnu kànga dé ojú títì. Kànga náà kò kéré sí ti àná. Ìlérí onílé ni gbogbo ayálégbé wá gbà lọ́jọ́ kan náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni sáfà. Ká ní ẹ̀rọ kan ní mẹ́mórì gígábáìtì 64. Wọ́n pín in sí kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà 8, wọ́n sì sọ fún ìkọ̀ọ̀kan pé gígábáìtì 16 ni tirẹ̀. Ìlérí ti di 128 lórí 64. Ní ọjọ́ lásán, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ní alẹ́ tí gbogbo wọn bá béèrè tiwọn pọ̀, mẹ́mórì á tán. Sáfà á wá máa kó ẹrù inú mẹ́mórì lọ sórí dísíkì, dísíkì kò sì yá bíi mẹ́mórì rárá. Kò kú, kò yè. Ó kàn ń yí.

Ìdí mìíràn wà tí èbúté fi bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Àwọn onísáfà fúnra wọn ló lọ yá ọ̀rọ̀ lò ní wọ́ọ̀fù. Ní 1956, ọ̀gá onítírélà kan ní Amẹ́ríkà, Malcom McLean, to àpótí irin 58 sórí ọkọ̀ Ideal X láti Newark lọ sí Houston, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ntéénà tí a mọ̀ lónìí. Ní 2013, irinṣẹ́ kan jáde tí ó ń di ètò kọ̀ǹpútà sínú ohun tí wọ́n pè ní kọ̀ntéénà. Docker ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Google gbé Kubernetes jáde láti máa darí àwọn kọ̀ntéénà wọ̀nyẹn káàkiri àgbájọ sáfà. Èdè Gíríìkì ni orúkọ yẹn. Atukọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá mú ẹ̀kọ́ sáfà padà wá sí wọ́ọ̀fù, ilé ni a mú un padà wá.

1975: Ìlérí tí kò wo ibi ìgúnlẹ̀

Ní 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ ńlá ní Àpápá. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1926. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 1955, àjọ tó ń rí sí èbúté, NPA, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ láàárín 1967 sí 1970, ilẹ̀kùn Port Harcourt tì mọ́ ọjà òkèèrè, ẹrù sì wọ́ gba Èkó. Ogun parí, ohun tí a máa tún kọ́ pọ̀. Láti oṣù Kẹwàá 1973, owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè. Láàárín oṣù díẹ̀ ó ti tó ìlọ́po mẹ́rin. Owó dé. Ìjọba ológun Yakubu Gowon gbé ètò ìdàgbàsókè kẹta kalẹ̀ fún 1975 sí 1980: títì, afárá, ilé ìwé, bárékè àwọn ológun. Gbogbo rẹ̀, sìmẹ́ǹtì ló ń jẹ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí ìwé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, iye rẹ̀ hàn gbangba: àdéhùn 109, pẹ̀lú oníṣòwò 68, fún sìmẹ́ǹtì tó ju mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 16 lọ. Owó rẹ̀ sún mọ́ bílíọ̀nù dọ́là kan. Kò sí èbúté kan ní Nàìjíríà nígbà yẹn tó lè já irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láàárín ìgbà tí wọ́n dá. Àdéhùn kọ̀ọ̀kan dára lórí ìwé. Bárékè kan nílò sìmẹ́ǹtì, wọ́n rà á. Afárá kan nílò sìmẹ́ǹtì, wọ́n rà á. Ohun tí kò sí ni ẹni tó máa ka gbogbo ìwé náà pọ̀, kí ó wá bi àwọn ará èbúté léèrè pé: "Ẹ̀yin, mélòó lẹ lè gbà?"

Nígbà tí ọdún fi máa dé ìdajì, ọkọ̀ ti bo ojú òkun Èkó. Nígbà tó le jù, wọ́n ju 400 lọ, sìmẹ́ǹtì ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù. Àwọn òyìnbó fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n pè é ní ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun sìmẹ́ǹtì. Ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ, ọkọ̀ tó gbé oúnjẹ, gbogbo wọn há sẹ́yìn sìmẹ́ǹtì. Ní ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ kan bá fi dúró, dẹ́múréèjì ń gun orí owó rẹ̀. Owó yìí wá dùn débi pé ó yá àwọn ọlọ́kọ̀ kan lára láti gbé ọkọ̀ tó ti gbó wá sórí ìlà, nítorí ìdúró gan-an ti di òwò. Bẹ́ẹ̀ sì ni sìmẹ́ǹtì kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọ̀rinrin: bó bá pẹ́ lórí omi, òkúta ni yóò dà.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọkọ̀ 400 wà lórí ìlà, tí èbúté sì ń já ọkọ̀ 4 tán lójúmọ́. Ẹni tó dé lónìí yóò dúró fún 100 ọjọ́. Ká tún ní ọkọ̀ 5 ló ń dé lójúmọ́. Kódà bí òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, tí kò sí olè, tí kò sí ọ̀lẹ, ìlà náà á máa gùn sí i ní ojoojúmọ́ ni. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìlà tí kò dín kù, ẹ má kọ́kọ́ bú ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ ka iye tó ń dé mọ́ iye tó ń lọ.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 1975, wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon, Murtala Muhammed sì bọ́ sórí àlééfà. Ní oṣù Kẹjọ, NPA tẹ wáyà sí àwọn oníṣòwò pé kí wọ́n má kó sìmẹ́ǹtì sọ́kọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà sọ fún àwọn báńkì òkèèrè pé kí wọ́n má san owó bí ìwé àdéhùn ṣe wí. Ọ̀rọ̀ bá di ẹjọ́. Ilé iṣẹ́ Trendtex, ará Switzerland, tó ta tọ́ọ̀nù 240,000, gbé báńkì àpapọ̀ lọ sí kóòtù ní London. Ní 1977, Lord Denning àti àwọn adájọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dájọ́ pé báńkì náà kò lè sá sẹ́yìn ìjọba. Ní 1981, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní New York náà dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà mẹ́rin. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín tó ń kọ́ nípa òfin: wọ́n ṣì ń ka àwọn ẹjọ́ yìí ní kíláàsì. Ìlérí tí a ṣe láìka ohun tó wà nílẹ̀ ti di àkàkọ́gbọ́n fún gbogbo ayé.

Tin Can: Oògùn àfikún

Ìjọba ní àfi kí á kọ́ èbúté mìíràn. Wọ́n mú Tin Can Island, lápá ìwọ̀-oòrùn Àpápá. Iṣẹ́ yá kánkán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1976, nígbà tó sì di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 1977, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tó gba ìjọba lẹ́yìn ikú Murtala, ti ṣí i.

Ohun tí onísáfà kọ́kọ́ máa ń ṣe náà nìyẹn: ẹ ra ẹ̀rọ kún un. A kò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kí Tin Can tó ṣí, wọ́n ti dá sìmẹ́ǹtì dúró, wọ́n sì ti ń bá àwọn oníṣòwò dúnàádúrà. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, owó epo já wálẹ̀, owó ọjà òkèèrè náà sì wọ́n. Oògùn mẹ́ta ni aláìsàn lò: wọ́n dín ìlérí kù, wọ́n fẹ ibi ìgúnlẹ̀, owó sì tán lọ́wọ́. Èwo ló wò ó sàn? Nínú ìtàn, Tin Can ni gbogbo èèyàn ń rántí, nítorí òun ló ṣeé fojú rí, òun ni wọ́n gé ríbọ́nù sí. Ẹ̀gbọ́n wa onísáfà ní òfin kan wà nínú iṣẹ́ àwọn: nǹkan kan ṣoṣo ni kí o yí padà, kí o wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀, kí o tó yí òmíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ á sàn, ìwọ kò sì ní mọ ohun tó wò ó sàn. Nígbà tí àìsàn náà bá padà dé, oògùn tó hàn jù ni o máa lọ rà.

Ìlà gorí ilẹ̀

Àìsàn náà padà dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gba ojú òkun wá mọ́. Láti 2006, ìjọba gbé ibi ìjẹ́rù àwọn èbúté fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni láti máa darí. APM Terminals gba ibi kọ̀ntéénà ní Àpápá. Ní Tin Can, àwọn bíi Josepdam àti Five Star Logistics gba tiwọn. Ẹ̀rọ tuntun wọlé, ìjẹ́rù yá sí i. Àmọ́ ẹrù kì í gbé ní wọ́ọ̀fù. Ó gbọ́dọ̀ jáde. Nígbà yẹn, ọkọ̀ ojú irin tó yẹ kó máa gbé ẹrù jáde ti rẹ̀yìn, tírélà ló kù. Àwọn àgbá epo ńlá tún wà ní Àpápá, tí táńkà ń ti gbogbo Nàìjíríà wá bá. Èbúté méjì, epo àti kọ̀ntéénà, gbogbo wọn dojú kọ àwọn títì díẹ̀ kan náà, àwọn títì náà sì ti bàjẹ́.

Bí a bá ya ibi tó fún pọ̀ sí fífẹ̀, omi á lọ dúró níbi tó tún fún pọ̀ níwájú. Ìlà tó wà lórí omi ní 1975 ti gorí ilẹ̀. Láti ẹnu géètì Tin Can, tírélà tò gba Coconut, ó gba Sunrise, ó dé Mile 2, ó sì kọjá bẹ́ẹ̀. Lápá kejì, wọ́n tò sórí afárá ní Ìjọra. Awakọ̀ ń lo ọjọ́, ó ń lo ọ̀sẹ̀. Wọ́n ń dáná lábẹ́ tírélà, wọ́n ń wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

Akẹgbẹ́ wa tó jẹ́ ọmọ Ajégúnlẹ̀ rántí ọdún tó ṣe ìdánwò àṣejáde girama. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ń kúrò nílé, ó ń fẹsẹ̀ rìn láti Boundary, ó ń gba àárín tírélà kọjá, nítorí kò sí ọkọ̀ tó lè yà síbẹ̀. Ó tún sọ ohun kan tí a kò retí: ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì fún àwọn awakọ̀ náà, owó yẹn ló sì fi san owó ìdánwò rẹ̀. Ìlà kan náà tó fẹ́ gba ìdánwò lọ́wọ́ rẹ̀ ló san owó ìdánwò náà. Ìlà kò rọrùn láti kórìíra tán. Bó bá ti pẹ́, àwọn kan á ti kọ́lé sínú rẹ̀, bíi ti àwọn ọlọ́kọ̀ ògbólógbòó 1975.

Kí ló dé tí awakọ̀ fi ń lọ jókòó sórí afárá nígbà tí kọ̀ntéénà rẹ̀ kò tíì ṣe tán? Ìwà búburú kọ́. Ìdí ni pé kò sí ọ̀nà mìíràn tó fi lè di ipò rẹ̀ mú. Ẹni tó bá dúró sílé títí wọ́n á fi pè é, wọn kò ní pè é láéláé. Kálukú ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu fún un, gbogbo wọn sì jọ há.

Ẹ̀gbọ́n wa ní ọjọ́ gbogbo ni àwọn ń rí èyí. Nínú irinṣẹ́ VMware, òǹkà kan wà tí wọ́n ń pè ní CPU Ready. Ohun tó ń wọ̀n ni àkókò tí kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà fi ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tó ti ṣe tán, ṣùgbọ́n tí kò rí ọpọlọ ẹ̀rọ gidi tó ṣófo. Tírélà lórí afárá nìyẹn gẹ́lẹ́. Oníkọ̀ǹpútà máa rí i pé nǹkan ò yá, á wá béèrè ọpọlọ 8 dípò 2. Ìyẹn á tún mú kí nǹkan le sí i, nítorí ẹ̀rọ á máa wá àyè fún ọpọlọ púpọ̀ tí iṣẹ́ kò pọ̀ fún, àwọn aládùúgbò rẹ̀ á sì dúró pẹ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà, oògùn rẹ̀ ni kí á gba ọpọlọ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe kí á fi kún un.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ojú lásán kì í rí. Nínú ìṣirò ìlà tó rọrùn jù, níbi tí oníbàárà ń dé láìròtẹ́lẹ̀, bí ọwọ́ òǹtajà bá dí dé ìdajì, àkókò tí ẹnì kan máa lò níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 2 àkókò iṣẹ́ gan-an. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí dé 90 nínú 100, ó di ìlọ́po 10. Ní 95, ó di ìlọ́po 20. Ẹni tó bá ń yangàn pé èbúté òun tàbí sáfà òun kún fọ́fọ́, tí kò sí àyè tó ṣòfò, ìlà ló ń pè yẹn.

Ìjọba gbìyànjú agbára. Ní oṣù Karùn-ún 2019, àṣẹ jáde pé kí tírélà àti táńkà kúrò lójú títì láàárín wákàtí 72, wọ́n sì fi igbákejì ààrẹ, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó máa rí sí i. Irú àṣẹ báyìí dà bí kí á pa sáfà, kí á tún un tàn. Ara máa ń tù ú fún ìgbà díẹ̀. Bí ohun tó fà á kò bá yí padà, ìlà á tún gùn.

Ètò

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2021, NPA bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tuntun kan láti máa pe tírélà wọ èbúté. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ mú inú àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá dùn: Ètò. Ẹ rántí kíláàsì mọfọ́lọ́jì: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ è- ni a fi mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tò. Ohun tí a tò ni ètò. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí èèyàn tò àti kí á to èèyàn: láti ọdún gbọ́ọ́rọ́, àwọn awakọ̀ ti ń tò, kò sí ẹni tó ń tò wọ́n.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: tírélà á dúró sí ọgbà ìgbọ́kọ̀sí. Ẹni tó ni ín á forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí àyè bá wà ní ibi tó ń lọ, wọ́n á pè é, á kọ́kọ́ gba Lilypond ní Ìjọra tàbí ibòmíràn tó jọ ọ́, kó tó wọlé. Ohun tí Kubernetes ń ṣe náà nìyẹn. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè sọ iye mẹ́mórì àti ọpọlọ tó nílò, àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bí sáfà tó ní àyè kò bá sí, wọn kò ní jẹ́ kó wọlé kó lọ dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. "Pending" ni wọ́n á kọ sí i lára, ìyẹn ni pé kó ṣì dúró ná. Ìdúró kò parẹ́. Ibi tí ìdúró kò ti ní pa ẹlòmíràn lára ni wọ́n gbé e lọ.

Ojú títì mí fún ìgbà kan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ kò yé sọ̀rọ̀ nípa owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà, àti nípa àwọn tó ń fi owó fo ìlà. Ẹ̀gbọ́n wa ní èyí náà wà nínú sáfà: ètò á wà, ọ̀gá kan tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà á sì gbé iṣẹ́ tirẹ̀ wọlé láìsí òdiwọ̀n. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan ṣoṣo tó láti sọ ètò di ìwé lásán. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, wọ́n sì ti ń ṣí òmíràn: ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tó ní ẹ̀ka wọ èbúté Àpápá, ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní 2023, wọ́n ṣí èbúté omi jíjìn ní Lẹ́kí. A yọ̀. Àmọ́ ìtàn ti kọ́ wa láti béèrè pé: bí ẹrù bá ti já ní Lẹ́kí, títì wo ni yóò gbà jáde?

Ìbéèrè tó kù

Bí a bá kó ìtàn yìí pọ̀, ìbéèrè mẹ́rin ni ó fi lé wa lọ́wọ́, yálà sáfà ló há tàbí èbúté. Mélòó la ní ní tòótọ́? Mélòó la ti ṣèlérí? Níbo gan-an ni ìlà wà, nítorí ibi tí a ti ń pariwo lè má jẹ́ ibi tó há? Ta ló di ohun tí kò lò mú, kí sì ló bà á lẹ́rù tí kò fi jọ̀wọ́ rẹ̀? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó na owó, owó tó máa ná lè má pọ̀ rárá.

Ìkarùn-ún ni a fi ń parí, òun ló sì ká wa lára jù: ta ló ń san owó ìlà? Àwọn àgbà ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ní Tin Can, ìka tó ṣẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń gé. Ẹni tó fọwọ́ sí àdéhùn 109 kò sùn lórí ọkọ̀. Ẹni tó jẹ́ kí títì bàjẹ́ kò fẹsẹ̀ rìn láti Boundary. Ẹni tó pín gígábáìtì 64 sí 128, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí, kọ́ ló san owó ìtanràn akẹgbẹ́ wa. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe náà fi ń tún ara rẹ̀ ṣe: ẹni tó ń ṣèlérí kò sí lórí ìlà.

Ẹ wo orúkọ Ajégúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ajé gúnlẹ̀. Gúnlẹ̀ yẹn kan náà ni à ń lò fún ọkọ̀ ojú omi nígbà tó bá dé èbúté. Àwọn tó sọ ibẹ̀ lórúkọ gbà pé ọrọ̀ máa dé, á sì fìdí kalẹ̀. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọrọ̀ ti ń kọjá níwájú wọn, lórí omi àti lórí táyà, èéfín àti kòtò ló ń gúnlẹ̀ fún wọn. Nínú wa ni àwọn tó máa di ọ̀gá lọ́la wà, àti àwọn tó máa fọwọ́ sí ìwé. Kí a tó ṣèlérí, ẹ jẹ́ kí á kà. Lẹ́yìn tí a bá kà á tán, ẹ jẹ́ kí á lọ dúró lórí ìlà náà fún ọjọ́ kan.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù, àti ẹ̀yin tí ẹ gbé ní Ajégúnlẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ le, ẹ bá wa sọ ohun tí ojú yín rí. Ire o.